Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Àǹtí: Àwọn méjì ti para pọ̀ lé mi lórí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Àwa obìnrin mẹ́ta la jọ ń ta fóònù ní ṣọ́ọ̀bù kan n'Ìbàdàn níbí, ọ̀gá wa sì ní òun máa fi ẹnì kan nínú wa ṣe máníjà ṣọ́ọ̀bù tuntun. Èmi ni mò ń tà jù. Àwọn méjì yòókù kì í kí ara wọn tẹ́lẹ̀ o, àmọ́ ní báyìí inú kúlà kan náà ni wọ́n ti ń jẹun, tí kọ́sítọ́mà bá béèrè mi wọ́n á ní mi ò wá lónìí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ni mo wà tí mò ń ka ọjà. Kí ni mo ṣe fún wọn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, agbára ẹ ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ẹni tó bá ti ta lúdò rí á mọ̀ ọ́n, tí ọmọ ẹnì kan bá ti wọlé mẹ́ta, òun ni gbogbo àwọn tó kù á máa lé.

Ìlú tó o wà yẹn gan-an ti rí irú ẹ̀. Lẹ́yìn tí Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè ní 1862, agbára ẹ̀ wá pọ̀ ju ohun tí ìlú kan ṣoṣo lè kojú lọ. Ní 1877 Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dojú kọ ọ́, wọ́n dí ọ̀nà òkun mọ́ ọn, nígbà tó di 1878 Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde, Èkìtìparapọ̀ nìyẹn, ogun Kírìjí bẹ̀rẹ̀. Èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni Ìlọrin, Ìlọrin tó ti ń kó ọmọ Èkìtì lẹ́rú tipẹ́ wá bọ́ sẹ́yìn Èkìtì! Wọn ò fẹ́ràn ara wọn o, Ìbàdàn ló so wọ́n pọ̀. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí wọ́n tó tú bùdó.

Torí náà má bá àwọn méjèèjì jà pọ̀, má sì tíì fẹjọ́ kọ́sítọ́mà yẹn sun ọ̀gá, tó o bá sùn ún báyìí okùn lo fi ń dì wọ́n yẹn. Wo èyí tó mọ̀ pé ipò yẹn ò lè kan òun nínú wọn. Kí ló máa rí jẹ tí ìkejì ẹ̀ bá di máníjà? Òun ni kó o lọ bá lọ́jọ́ tó bá dá wà ní káńtà, fa kọ́sítọ́mà kan lé e lọ́wọ́, kó o sì sọ fún un pé tí ipò yẹn bá bọ́ sí ẹ lọ́wọ́, wàá bẹ ọ̀gá pé kó jẹ́ kẹ́ ẹ jọ lọ. Àmọ́ má sọ ọ́ tí o ò bá ní ṣe é.