Ẹ Bi Wá Léèrè: Ọmọ Tó Sanra Jù, Ṣé Ẹ̀jẹ̀ Ni àbí Ilé Tó Bá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ọmọkùnrin mi pé ọdún 4 láìpẹ́ yìí. Kílò 4.2 ni ó wọ̀n nígbà tí mo bí i, wọ́n sì ti sọ fún mi nínú oyún rẹ̀ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi lọ sókè. Nígbà tí ó pé oṣù 2, ẹkún rẹ̀ pọ̀, ìyá ọkọ mi ní ọmú mi kò yó o, ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ògì. Ọjà ni mo ń tà ní Sábó. Tí ọmọ náà bá ti ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi dé, ẹ̀yìn káńtà ni ó máa ń jókòó sí pẹ̀lú fóònù mi, bísíkíìtì àti mínírà, títí a ó fi palẹ̀ ọjà mọ́ lálẹ́. Nọ́ọ̀sì tí ó gbé e sórí ìwọ̀n ní ó ti sanra jù. Inú bí ìyá ọkọ mi. Ó ní ìdílé àwọn kò bí ọmọ tín-ín-rín rí. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ni lóòótọ́? Tí kì í bá ṣe ẹ̀jẹ̀, ṣé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí ni? (Ìyá Ọmọ, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Ìyá ọkọ yín kò parọ́ pátápátá, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di ìjà láàárín yín. Ẹ̀jẹ̀ ní ipa tirẹ̀, nítorí ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sanra sábà máa ń tètè sanra. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ kò ju ìtẹ̀sí lọ. Ohun tí ọmọ bá bá pàdé láti inú oyún títí di ìgbà tí ó fi ń lọ sí ilé ìwé ni ó máa ń sọ bí ìtẹ̀sí náà yóò ṣe hàn tó. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni àwọn bàbá ńlá ọkọ yín ní. Fóònù àti mínírà ẹ̀yìn káńtà ni wọn kò ní.

Inú oyún ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣúgà tí ó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá a máa gba inú ibi ọmọ kọjá sára ọlẹ̀, ara ọlẹ̀ yóò sì máa pèsè ínsúlíìnì, ìyẹn èròjà tí ń darí ṣúgà, lọ́pọ̀ yanturu, èyí tí yóò sọ ṣúgà àṣẹ́kù náà di ọ̀rá. Ìdí nìyẹn tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi ń wúwo ju kílò 4 lọ nígbà ìbí nígbà mìíràn, tí ó sì ń rọrùn fún un láti sanra bí ó ti ń dàgbà. Ẹ kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Àmọ́, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ṣúgà fún ara yín, nítorí obìnrin tí ṣúgà rẹ̀ ga nínú oyún wà nínú ewu àtọ̀gbẹ lẹ́yìnwá ọ̀la. Bí oyún mìíràn bá sì dé, ẹ tètè sọ fún àwọn tó ń gbẹ̀bí, kí wọ́n yẹ̀ yín wò ní ìbẹ̀rẹ̀ àti láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28.

Ọ̀rọ̀ ògì oṣù 2 ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ilé tí ó ti ń ṣẹlẹ̀ kò níye ní ìlú wa yìí. (Lóòótọ́ ni wọ́n ń ki àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ajílété, ibi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, ṣùgbọ́n àgbà ni oríkì yẹn ń bá wí.) Ọmọ ọwọ́ lè sunkún nítorí ooru, inú rírun, oorun, tàbí pé ó fẹ́ kí a gbé òun. Ní ọ̀pọ̀ ilé, tí ó bá ti ké, ìyá àgbà yóò tẹ́ ẹ sí itan, yóò ká àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́nu bí àrọ, yóò sì máa da ẹ̀kọ sí i lọ́fun; ọmọ náà yóò máa jà fẹsẹ̀, yóò máa gbé e mì kí ó lè rí èémí mí. Yàtọ̀ sí pé oúnjẹ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ohun tí ọmọ náà ń kọ́ ni pé yíyó òun kò jámọ́ nǹkan kan. Ọmọ tí ń mu ọmú yóò tu ọmú sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá yó, kò sì sí ẹni tí yóò kọ́ ọ. Ìdí kan nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní ọmú nìkan ni kí a fún ọmọ fún oṣù 6, kí a tó fi oúnjẹ mìíràn kún un, kí ọmú sì máa bá a lọ títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣà kan náà ni a tún ń gbé lọ sídìí àwo nígbà tí ọmọ bá dàgbà díẹ̀, tí a ó máa ní kí ó jẹ ẹ́ tán dandan. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ òbí ni láti yan ohun tí ọmọ yóò jẹ àti àkókò tí yóò jẹ ẹ́, kí a sì fi ìwọ̀n tí yóò yó o sílẹ̀ fún un.

Ní ti mínírà, ìgò oní-sẹ̀ǹtílítà 35 lè ní ṣúgà tí ó tó ṣíbí kékeré 9 nínú, ṣúgà tí a mu kì í sì í yóni bí èyí tí a jẹ nínú oúnjẹ. Ní ọdún 2022, ìjọba gbé owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan, àmọ́ owó orí wo ni yóò dá ọmọ tí fíríìjì wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró?

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kì í kà sí ni oorun. Bí ẹ bá ń palẹ̀ ọjà mọ́ ní aago 9 alẹ́, tí ọmọ sùn ní aago 11, tí ẹ sì jí i ní aago 6 fún ilé ìwé, wákàtí 7 péré ni ó sùn. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2019 ní wákàtí 10 sí 13 ni ó yẹ ọmọ ọdún 3 sí 4, kí ó máa ṣeré kiri fún ìṣẹ́jú 180, ó kéré tán, lójúmọ́, kí wíwo fóònù tàbí tẹlifíṣàn má sì ju wákàtí 1 lọ. Ọmọ tí kò sùn dáadáa a máa fẹ́ jẹun ju bó ti yẹ lọ, yóò sì rẹ̀ ẹ́ débi pé kò ní í lè sáré. Bí ẹ bá rí ìbátan kan tí yóò máa mú un lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, kí ó bá àwọn ọmọ mìíràn ṣeré nínú àgbàlá, kí ó sì tètè sùn, ẹ ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ.

Ọ̀rọ̀ kò tíì bọ́ rárá. Ara ọmọdé sábà máa ń fọn díẹ̀ lẹ́yìn ọdún kìíní, kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kún ní nǹkan bí ọdún 5 sí 7. Àwọn tí tiwọn bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kún ṣáájú ìgbà yẹn ni ó sábà máa ń sanra jù lẹ́yìn náà. Nítorí náà, àsìkò rẹ̀ gan-an ni ẹ wà yìí. Ẹ má fi ebi pa á, ẹ má sì fún un ní àgbo tàbí tíì tí ń fani rù. Kí ìwọ̀n rẹ̀ dúró díẹ̀ kí gígùn rẹ̀ sì lé e bá ni a ń wá. Omi ni kí ó máa wà nínú kọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọsàn tàbí máńgòrò ni kí ó rọ́pò bísíkíìtì. Kí gbogbo ilé sì jọ máa jẹ oúnjẹ kan náà, kí ọmọ má baà rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ òun. Bí ó bá ń han-run lójú oorun, tàbí ọrùn rẹ̀ dúdú tí ó sì nípọn, ẹ gbé e lọ bá dókítà. Ẹ mú ìyá ọkọ yín dání lọ́jọ́ tí ẹ bá tún ń lọ wọ̀n ọ́n, kí nọ́ọ̀sì fi ìlà ìdàgbàsókè ọmọ tó wà lórí káàdì hàn wọ́n fúnra rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Kílò 2.1 ni wọ́n bí ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ó sì ti di ọmọ oṣù 7 báyìí. A ń fi mílíìkì àti ṣúgà kún ògì rẹ̀ kí ó lè tètè bá ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ará ilé wa kan ní kí a rọra. Ṣé ọmọ tó kéré lè di ẹni tó sanra jù? (Bàbá Àgbà, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Ó lè rí bẹ́ẹ̀, Bàbá. Nígbà tí ìyàn mú ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì ní ìgbà òtútù 1944 sí 1945, a rí i lẹ́yìn náà pé àwọn ọkùnrin tí ìyá wọn wà ní ìdajì àkọ́kọ́ oyún wọn lákòókò náà sanra jù ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nígbà tí wọ́n di ọmọ ọdún 19. Ní ilẹ̀ tiwa, àwọn olùwádìí yẹ àwọn àgbàlagbà wò ní Enugu ní nǹkan bí 40 ọdún lẹ́yìn ogun Biafra. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà tó ga àti ìsanrajù pọ̀ lára àwọn tí ìyàn ogun náà bá nínú oyún tàbí ní ọmọ ọwọ́ ju àwọn tí a bí lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣe ni pé ara tí kò rí jẹ nínú oyún ti kọ́ láti máa tọ́jú ohun gbogbo pamọ́. Bí oúnjẹ bá wá dé lójijì, ọ̀rá ni yóò fi pamọ́.

Ẹ yọ ṣúgà kúrò. Ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀ kúnná, sóyà, ẹyin tàbí ẹja tí a yọ eegun rẹ̀ kún ògì náà, kí ìyá rẹ̀ sì máa fún un lọ́mú. Níbi ìwọ̀n, ẹ ní kí wọ́n máa wọn gígùn rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí kílò nìkan kò lè sọ bóyá ó ń dàgbà ni tàbí ó kàn ń sanra.