Kò sí oògùn tó ń dípò oorun

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Dókítà ni ọkọ mi ní ọsíbítù ìjọba. Bí wọ́n bá wọ iṣẹ́ call, ìyẹn wíwà ní ọsíbítù tọ̀sán-tòru de aláìsàn, láàárọ̀, ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì kí wọ́n tó wakọ̀ wálé. Wọ́n ní ara àwọn ti mọ́ ọn. Ẹnìkan ń polówó oògùn agbára kan tí kì í jẹ́ kí oorun kùn èèyàn. Ṣé kí n rà á fún wọn?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ jù, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń tajà yìí. Kódà, káfíìnì inú kọfí àti ohun mímu alágbára kàn ń dí adénósíìnì lọ́wọ́ ni, ìyẹn èròjà tó ń ta ọpọlọ lólobó pé ó ti rẹ ara. Àárẹ̀ ò kúrò níbẹ̀.

"Ara ti mọ́ ọn" yẹn gan-an ló ń pa wá. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2003, wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa sun wákàtí 6 lálẹ́ fún ọjọ́ 14. Làákàyè wọn ń jó rẹ̀yìn lójoojúmọ́, títí wọ́n fi ń ṣe bí ẹni tí kò fojú kan oorun ní odindi òru kan. Àwọn fúnra wọn ò fura! Lójú tiwọn, oorun ò kùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọkọ yín ń pè ní mímọ́ra nìyẹn. Ẹni tí kò sùn fún wákàtí 24 ò sàn ju ẹni tó mutí yó lọ nídìí ọkọ̀. Ìwádìí mìíràn ní 2005 rí i pé lẹ́yìn iṣẹ́ tó gùn tó wákàtí 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu ìjàm̀bá ọkọ̀ fún àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ju ìlọ́po 2 lọ.

Nítorí náà, kí wọ́n má wakọ̀ wálé. Ẹ wá ẹni tó máa gbé wọn. Bí kò bá sí, kí wọ́n sùn ní ọsíbítù ná, kí ojú wọn sì dá dáadáa kí wọ́n tó jáde. Ẹ̀yin náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ owó pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà.

N ò tíì yẹ̀ wọ́n wò o. Bí wọ́n bá ń kanra mọ́ aláìsàn, tí iṣẹ́ sì ti sú wọn pátápátá, kí wọ́n lọ rí dókítà tiwọn.

Ìyókù dọwọ́ àwọn ọ̀gá wọn. Ní Yúróòpù, òfin ní kí iṣẹ́ má ju wákàtí 48 lọ lọ́sẹ̀ ní ìpíndọ́gba. Ní 2003, ilé ẹjọ́ wọn dá a nínú ẹjọ́ dókítà kan ní Jámánì pé bí dókítà tó wà ní call bá tilẹ̀ sùn ní ọsíbítù, ẹnu iṣẹ́ ló wà. Kí ọkọ yín àti àwọn ẹgbẹ́ wọn gbé àtòjọ iṣẹ́ wọn lọ bá ọ̀gá, nínú ìwé, kì í ṣe lẹ́nu lásán.