Pípààrọ̀ ọ́ìlì jíà ọ́tò nílé: ẹ ṣọ́ra níbi géèjì

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè láti Ìjẹ̀bú-Òde bóyá ẹ lè fúnra yín pààrọ̀ ọ́ìlì jíà ọ́tò Toyota Camry ọdún 2004 yín nínú àgbàlá ilé, àti iye lítà tí ẹ óò rà, mo ní ẹ lè ṣe é. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ jíà, kí ọ́ìlì àtijọ́ dà jáde sínú abọ́, ẹ fi wásà tuntun dí i padà, kí ẹ sì fi àrọ ẹlẹ́nu tín-ín-rín da tuntun gba ojú ihò géèjì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn ọ́ìlì. Ẹni tí ó bá ti pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rí kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Wíwọn ọ́ìlì náà ni iṣẹ́, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti fi ìyà jẹ mí.

Mẹkáníìkì kan ní Ṣágámù ni ó bá mi pààrọ̀ ọ́ìlì jíà ọkọ̀ tèmi, irú Camry kan náà pẹ̀lú tiyín. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó fa géèjì yọ, ó rí i pé ọ́ìlì ti dé ojú àmì, ó sì ní iṣẹ́ ti parí. Ara Honda ni ó ti kọ́ṣẹ́. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ Honda ni a ń wò bẹ́ẹ̀: ọkọ̀ á gbóná dáadáa, a ó pa á, a ó sì wo géèjì kí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ tó kọjá. Toyota kò gba bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí pọ́ǹpù tí ń fa ọ́ìlì jíà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, pọ́ǹpù yìí á ti gbé ọ́ìlì lọ sínú torque converter, ìyẹn ìkòkò tí ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì fún jíà, àti sínú páìpù tí ó lọ sí rédíétọ̀, èyí tí ó kù nísàlẹ̀ á sì fà sẹ́yìn. Bí a bá pa ẹ́ńjìnnì, apá kan á ṣàn padà wá, géèjì á wá máa fi hàn pé ọ́ìlì tó nígbà tí kò tó.

Ojú ọ̀nà Ṣágámù sí Benin ni ó ti hàn sí mi. Ibi tí ọ̀nà ti gòkè díẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tí ọkọ̀ kò sì sáré. Bí mo ti ń tẹ iná mọ́ ọn, ariwo nìkan ni ó ń pọ̀ sí i. Nígbà tí mo dúró, tí mo tún fi í sí D, ó pẹ́ kí ó tó gbé. Pọ́ǹpù ti ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọ́ìlì, agbára tí ó yẹ kí ó fi di àwọn kílọ́ọ̀ṣì inú jíà mú kò sì tó mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú pópó tí wọ́n bá mi níbẹ̀ béèrè ìwé ọkọ̀, wọn kò béèrè ohun tí ó ṣe é. Ẹni tí a wá pè ní ọ̀gá nínú iṣẹ́ jíà ki sikánà, ẹ̀rọ tí ń ka àléébù ọkọ̀, bọ ọkọ̀, ó ní jíà ti kú, kí n lọ ra tókùnbọ̀ ní Ládípò. Kò fọwọ́ kan géèjì rárá. Inú ṣì ń bí mi, nítorí bí mo bá gbà á gbọ́, owó ńlá ni ǹ bá fi ra jíà tí n kò nílò. Bàbá àgbàlagbà kan ní Ìpẹru ni ó ní kí n tan ẹ́ńjìnnì. Ó fa géèjì yọ, ọ́ìlì kò sì kan àmì rárá. Ó fi kún un, ọkọ̀ sì gbéra.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ lé èyí. Ẹ wa ọkọ̀ náà dé Odògbólú kí ẹ sì padà, kí ọ́ìlì inú jíà lè gbóná; àmì HOT tí ó wà lára géèjì, fún ọ́ìlì tí ooru rẹ̀ wà láàárín 70°C sí 80°C ni. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ má pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ sì rọra gbé jíà láti P dé L, ní dídúró díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó dá a padà sí P. Ẹ fa géèjì yọ, ẹ fi aṣọ tí kì í tú òwú nù ún, ẹ tì í wọlé dé ìdí, ẹ tún fa á yọ, ẹ wo ojú rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì gba èyí tí ó kéré gbọ́. Bí kò bá tó, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fi kún un, nítorí ọ́ìlì tí ó bá pọ̀ jù a máa hó, á yọ ìfófòó, ìfófòó kò sì lè di kílọ́ọ̀ṣì mú.

Ẹ má gba ẹnikẹ́ni gbọ́ tí ó bá ní gbogbo ọ́ìlì pupa ọ̀kan náà ni. Aró ni pupa yẹn. Ọ́ìlì jíà Toyota tí wọ́n ń pè ní T-IV ni ọkọ̀ yín ń lò. Dexron, irú ọ́ìlì mìíràn tí ẹ ń dà sí ibi ọ́ìlì ìdarí (power steering) ọkọ̀ náà, kì í ṣe ti jíà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá ní Nissan onijíà CVT, ìyẹn jíà ọ́tò tí kì í yí láti ìpele dé ìpele, kò gbọdọ̀ dà èyíkéyìí nínú méjèèjì sí i. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi ẹ̀rọ fọ jíà tí ó ti pẹ́ fún yín, ẹ kọ̀ ọ́.

Jáàkì nìkan kò tó láti wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ fi àga irin tí a ń gbé ọkọ̀ lé (jack stand) sí i. Ọ́ìlì àlòkù, inú kẹ́ẹ̀gì ni kí ó wà. Ẹ má dà á sílẹ̀, nítorí kànga pọ̀ ládùúgbò wa, inú rẹ̀ ni yóò sì rìn sí.

Ní ti lítà, bíi 3 àti ààbọ̀ ni yóò jáde, kò tó ìdajì gbogbo ohun tí ó wà nínú jíà. Ẹ ra 4, ẹ wọn èyí tí ó jáde, kí ẹ sì kọ́kọ́ da iye yẹn padà kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Bí èyí tí ó jáde bá dúdú, ẹ wa ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe pẹ̀lú 4 mìíràn.