Ẹkún Tìẹ Sàn, Ìbínú Ni Tèmi

Àbúrò mi, o ní tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tí ò ń kọ́ bá ń ké pe ìyá wọn lẹ́nu géètì iléèwé láàárọ̀, ẹkún máa ń gbọ̀n ìwọ náà, o wá ń bèèrè ohun tí o máa ṣe sí i. Ẹkún sàn. Ìbínú ló fẹ́ bà mí jẹ́.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi n'Ìbàdàn, ọmọ 34 ni wọ́n kó fún èmi nìkan. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ní 25 ni. Àwọn alábẹ̀wò ìjọba dé, wọn ò ka orí ọmọ kankan. Lesson note ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n mu mínírà, wọ́n lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀sán gangan, iná ti lọ, ooru mú. Ọ̀kan gé èjìká ẹnìkejì rẹ̀ jẹ, òmíràn da kókó sórí ìwé mi, àwọn tó kù ń hó yèè. Mo la rúlà mọ́ tábìlì, mo jágbe mọ́ wọn. Mi ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni o. Àmọ́ ọmọbìnrin kan wà tó jókòó jẹ́ẹ́ ti kíréyọ̀nù rẹ̀. Mo rí i tí omi ń kán lábẹ́ àga rẹ̀. Ohùn mi ló mú un tọ̀ sára. Kò sunkún. Ìwé ló fi ń bo ìtọ̀ náà kí n má bàa rí i.

Ọ̀gbẹ́ni kan wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́, ó ní kí a máa ka ení dé ẹẹ́wàá tí inú bá ń bí wa. Kí n tó ka ẹẹ́rin, ọmọ ti gun fèrèsé! Màmá tó ń bá wa nu ìdí ọmọ ló kọ́ mi: "Àǹtí, ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ rọra kọrin." Tí o bá kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n á dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ.

Jẹun kí o tó kúrò nílé. Má sì gbé fídíò ọmọ tó ń ké sórí WhatsApp láéláé. Ìyá kan bá mi fà á títí dé ọ́fíìsì hẹ́ẹ̀dì.

Hẹn, ẹkún àárọ̀. Jẹ́ kí ìyá dágbére fún ọmọ, kó má yọ́ lọ. Tí omijé bá bọ́ lójú rẹ, sọ pé Àǹtí náà ń ṣàárò ìyá rẹ̀. Mo sọ ọ́ rí, ọ̀kan nínú wọn fà mí láṣọ, ó fún mi ní bísíkíìtì tó ti jẹ dé ìdajì.