Kí ni wákà, ṣé a lè kọ ọ́ lọ́jọ́ Iléyá?

Ìbéèrè: Àsàlámù àléékúmù, Àlùfáà wa. Nínú ẹgbẹ́ àsàlátù wa nílùú Iléṣà níbí, àwa ìyá la máa ń kọ wákà lọ́jọ́ Iléyá, nígbà tí àwọn alálàájì bá ti Mẹ́kà dé, àti níbi wòlímọ̀ àwọn ọmọ kéú. Ọmọ mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé kéú ní wákà kì í ṣe èdè Lárúbáwá, pé orin àríyá ni, kí n jáwọ́ níbẹ̀. Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni mo ti ń dá látọjọ́ yìí?

Ìdáhùn: Wà àléékúmù sàlámù, ìyá wa. Ẹ fọkàn balẹ̀ ná.

Òótọ́ lọmọ yín sọ pé wákà kì í ṣe èdè Lárúbáwá. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ló ti wá. Lẹ́nu tiwọn, orin ni, ewì náà sì ni, ohun yòówù kó dá lé lórí. Nana Asma'u, ọmọ Ṣéù Usman dan Fodio, tó kú ní 1864, kọ irú ewì bẹ́ẹ̀ lédè Haúsá kí àwọn obìnrin tí kò mọ̀wé lè fi há ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn sórí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa, a dín in kù: a ò pe gbogbo orin ní wákà mọ́, orin Mùsùlùmí ni, pàápàá èyí tí àwọn obìnrin ń fi ṣẹ́lí, ohun èlò orin onírin, gbè.

Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà ló yẹ kí èyí tètè yé. Tí a bá gbọ́ ọ̀ṣómàáló, oníṣòwò aṣọ la máa ń rántí, bẹ́ẹ̀ gbólóhùn ẹni tó wá sin gbèsè ni: òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ yàtọ̀ sí iṣẹ́ tó ń ṣe lónìí. Wàásù àti sàárà pàápàá gba ẹnu àwọn ẹ̀yà mìíràn kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ohun tó ń ba ọmọ yín lẹ́rù ni pé wákà ti dé orí ìtàgé. Ní 1992, Aláàfin Lámídì Adéyẹmí fi Sàláwà Àbẹ̀ní joyè ọbabìnrin wákà, orin òde ìnáwó sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ̀ ọ́n sí. Mi ò bá a wí. Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà lohun méjì wọ̀nyí ń jẹ́, ẹjọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Nínú hádíìsì Bùhárì, àwọn ọmọbìnrin méjì ń kọrin lọ́dọ̀ Àíṣà, ìyàwó Ànábì, lọ́jọ́ ọdún, orin ogun Buath tí wọ́n jà ṣáájú Ìsìláàmù. Abúbakar, bàbá Àíṣà, wọlé, ó bínú. Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a) ní kó fi wọ́n sílẹ̀, pé ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ní ọdún tirẹ̀, èyí sì ni ọdún tiwa. Ẹ wò ó, kò bi wọ́n léèrè orúkọ tí orin náà ń jẹ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Rubayyi, obìnrin kan nígbà ayé Ànábì, lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Àwọn ọmọdébìnrin ń lu dúfù, wọ́n ń ki àwọn baba wọn tó kú lójú ogun Badri. Ọ̀kan wá fi kún un pé Ànábì kan wà láàárín wa tó mọ ohun tí ọ̀la yóò mú wá. Ànábì ní kó fi ìyẹn sílẹ̀, kó máa kọ èyí tó ń kọ tẹ́lẹ̀. Kò dá orin dúró. Ẹsẹ kan ṣoṣo ló yọ, nítorí Ọlọ́run nìkan ló mọ ọ̀la.

Òmíràn nínú àwọn onímọ̀ le lórí ìlù ju báyìí lọ, wọn ò gbà ju dúfù lọ, wọn ò sì fẹ́ kí ohùn obìnrin máa ròkè láàárín ọkùnrin. Nítorí náà, ẹ máa kọ ọ́ láàárín ara yín. Lọ́nà Yídì, kábárà ni kẹ́ ẹ máa ṣe, ẹ jẹ́ kí wákà dúró de ẹ̀yìn ìrun. Ẹ má ki alálàájì kọjá ààlà nítorí owó tó ń ná.

Ẹ ní kí ọmọ yín bá yín kọ àwọn orin náà sílẹ̀, kẹ́ ẹ jọ mú un wá lẹ́yìn ìrun Alásárì ọjọ́ Jímọ̀. A ó yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá dà bí ti ọmọ ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn, a ó yọ ọ́.