Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kí Ni Oògùn Èébì Ń Ṣe Nínú Ọ̀rọ̀ Ẹyin Àrọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ibi tí wọ́n ti ń pa ọmọ àrọ̀ ni mo ti ń kọ́ṣẹ́. Abo àrọ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa máa ń gbé ẹyin títí ikùn rẹ̀ á fi tóbi bẹ̀ǹbẹ̀, síbẹ̀ kì í yé e fúnra rẹ̀ nínú adágún, àfi tí a bá gún un ní abẹ́rẹ́ Ovaprim. Mo ka ara ìgò náà, mo sì rí i pé oògùn méjì ló wà nínú rẹ̀. Èkejì ni domperidone, èyí tí wọ́n máa ń fún ènìyàn tó bá ń bì. Kí ló kan oògùn èébì nínú ọ̀rọ̀ ẹyin ẹja? (Akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ kan, Ìjẹ̀bú)

ÌDÁHÙN: Oògùn náà kò ṣe ohunkóhun fún ẹyin fúnra rẹ̀. Abẹ́ ọpọlọ ẹja ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, níbi tí ó ti ń gba àyè mọ́ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ dópámínì lọ́wọ́, èyí tí ọpọlọ ẹja ń tú jáde kí ẹyin má baà já ní àìtó àkókò.

Nínú ọpọlọ àrọ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń ṣe họ́mónù tó ń jẹ́ GnRH, tí ó kéré débi pé ásíìdì amínò mẹ́wàá péré ló so pọ̀ di odindi rẹ̀. GnRH ló ń pàṣẹ fún ẹṣẹ́ pítúítárì, tó so rọ̀ sábẹ́ ọpọlọ, pé kí ó tú họ́mónù mìíràn tó ń jẹ́ LH sínú ẹ̀jẹ̀. LH yìí ni yóò bá ẹ̀jẹ̀ dé ilé ẹyin, tí yóò mú kí ẹyin tó ti tóbi tán gbó dé ojú àmì, kí ó sì já kúrò lára awọ tó dì í mú. Lára ènìyàn, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ni GnRH ń gbà kọjá láti ọpọlọ dé pítúítárì. Ti ẹja bí àrọ̀ yàtọ̀: àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ na ọwọ́ wọn tààrà wọ inú pítúítárì, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe LH. Kì í sì í ṣe àwọn tó ń ṣe GnRH nìkan ló nawọ́ débẹ̀; àwọn mìíràn tó ń ṣe dópámínì náà nawọ́ débẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn kẹ́míkà méjèèjì ti ń pàdé.

Ohun tí GnRH ń tì síwájú ni dópámínì ń fà sẹ́yìn, kò sì gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Ó máa ń dá àwọn sẹ́ẹ̀lì LH dúró fúnra rẹ̀, nípa ojú ìgbàṣẹ kan tó wà lára wọn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní D2. Ó tún máa ń dín iye ojú ìgbàṣẹ GnRH tó wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn kù, débi pé bí GnRH bá tilẹ̀ dé, díẹ̀ ni yóò gbọ́ ohùn rẹ̀. Lókè nínú ọpọlọ pẹ̀lú, ó ń dí àwọn tó ń tú GnRH lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń fi kẹ́sẹ́ gún ẹṣin tí kò sì dẹ ìjánu yóò kàn máa dá ẹṣin lóró lásán ni, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tó bá gún àrọ̀ ní GnRH nìkan.

Ẹja goldfish ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí èyí gbangba. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Richard Peter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà ba apá kékeré kan jẹ́ nínú ọpọlọ goldfish. Dípò kí họ́mónù rẹ̀ wá sílẹ̀, ńṣe ló ru sókè lójijì, ẹyin sì já. Ó yé wọn nígbà náà pé apá tí wọ́n bà jẹ́ ni ibi tí ìdádúró ti ń wá, ìwádìí tó tẹ̀ lé e sì fi hàn pé dópámínì ni kẹ́míkà ọ̀hún. Peter àti Lin Hao-Ran ti ilẹ̀ Ṣáínà wá lo ìmọ̀ yìí fún àwọn ẹja carp tí àwọn ará Ṣáínà ń sìn, wọ́n da ẹ̀dà GnRH pọ̀ mọ́ oògùn tó ń dí dópámínì, ọ̀nà náà sì di ohun tí a ń fi orúkọ àwọn méjèèjì pè ní Linpe. Ní àwọn ọdún 1980 náà ni àwọn olùwádìí ní Utrecht, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ló rí lára àrọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà.

Ẹ wá wo ìgò yín. Nínú mílílítà Ovaprim kọ̀ọ̀kan, máíkrógíráàmù 20 ni ẹ̀dà GnRH ti ẹja salmon, mílígíráàmù 10 sì ni domperidone. Èyí túmọ̀ sí pé oògùn tó ń tú ìdè fi ìlọ́po 500 wúwo ju èyí tó ń pàṣẹ lọ. Wọ́n tún ẹ̀dà GnRH náà ṣe kí àwọn ẹ́ńsáìmù inú ara má baà tètè gé e wẹ́wẹ́, ìdí nìyí tí ìwọ̀nba kékeré fi tó. Domperidone ní tirẹ̀ ń jókòó sí ojú ìgbàṣẹ D2 láìpàṣẹ kankan, dópámínì á dé, kò ní rí àyè. Ohun tó ń ṣe fún ẹni tó ń bì náà nìyẹn, nítorí dópámínì wà lára ohun tó ń ta èébì jí. Lára ènìyàn, dópámínì kan náà ló ń ká họ́mónù tó ń mú omi ọmú wá lọ́wọ́ kò nínú pítúítárì, abájọ tí omi ọmú fi lè máa yọ lára ẹni tó ń lo domperidone.

Kí ló dé tí ẹja fi ní irú ìdádúró yìí? Nínú odò, ìgbà òjò ni àrọ̀ ń yé, nígbà tí omi bá kún bo ilẹ̀ tó ní koríko, tí oúnjẹ àti ibi ìsápamọ́ yóò wà fún ọmọ. Kí omi tó kún, ẹyin ti wà ní sẹpẹ́, ọpọlọ ló ń dá a dúró. Adágún tí ẹ gbẹ́ kì í kún bo ilẹ̀, nítorí náà ìròyìn tí ọpọlọ ń retí kì í dé, ìdádúró náà kì í sì í kúrò.

Èmi kò ní fẹ́ kí ẹ rò pé kẹ́míkà méjì péré ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Lára goldfish, kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ GABA máa ń gbe GnRH nítorí pé ó ń ti ìtújáde rẹ̀, ó sì ń dín dópámínì kù. Họ́mónù abo tó ń ti ilé ẹyin wá ní tirẹ̀ máa ń padà sí orí láti fi kún iṣẹ́ dópámínì, èyí ni pé ẹyin tó ń dàgbà náà ń bá wọn mú okùn tó dè é. Ọpọlọ ẹja tilẹ̀ ń ṣe họ́mónù abo fúnra rẹ̀, ó sì pọ̀ ju èyí tí ọpọlọ àwọn ẹran tó ń fún ọmọ lọ́mú ń ṣe lọ fíìfíì.

Àwọn ọ̀gá yín lè ti sọ fún yín nípa pítúítárì tí wọ́n ń yọ lórí ẹja kan láti fi gún òmíràn, ọ̀nà tí àwọn ará Brazil ti ń lò láti àwọn ọdún 1930. LH tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n ń gún ní tiwọn, ó sì ti kọjá ibi tí dópámínì lè dè é. Nínú ọ̀nà méjèèjì, ẹyin tí kò tíì tóbi tó kò ní gbọ́ràn, ooru omi sì ni yóò sọ iye wákàtí tí ẹ óò dúró: pẹ̀lú pítúítárì, nǹkan bíi wákàtí 11 ni bí omi bá wà ní ìwọ̀n 25, nǹkan bíi 7 sì ni bí ó bá wà ní 30.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè ra domperidone oníhóró ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, kí n lọ̀ ọ́, kí n sì fi gún ẹja mi? Owó abẹ́rẹ́ ti wọ́n jù. (Olùsìn ẹja, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Domperidone nìkan ń mú ìdádúró kúrò, ṣùgbọ́n kò pàṣẹ kankan. Lára goldfish, oògùn tó ń dí dópámínì máa ń gbé LH sókè bí wọ́n bá lò ó ní òun nìkan, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà kì í tó láti mú ẹyin já. Yàtọ̀ sí èyí, hóró oògùn ní àwọn ìyẹ̀fun mìíràn tí kì í yòrò sínú omi, ẹran ara ẹja yín sì lè dá egbò níbi tí ẹ bá gún. Bí owó bá ń dùn yín, pítúítárì ẹja tó dàgbà tó ni kí ẹ bi ọ̀gá yín léèrè, kì í ṣe hóró.

ÌBÉÈRÈ: Ẹja epìyà ń yé ẹyin nínú adágún láìgba abẹ́rẹ́. Ṣé kò ní dópámínì ni? (Òǹkàwé kan, Ẹ̀pẹ́)

ÌDÁHÙN: Ó ní in, ó sì lè dín LH rẹ̀ kù pẹ̀lú. Agbára ìdádúró yìí kò dọ́gba láàrin ẹja àti ẹja: nínú àwọn ẹja òkun kan, bíi croaker ti Àtìláńtíìkì, wọn kò rí i rárá, GnRH nìkan sì tó wọn. Ní ti epìyà, adágún fún un ní gbogbo ohun tó ń wá: omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ilẹ̀ tí akọ lè gbẹ́ ihò sí, àti akọ fúnra rẹ̀. Abo á kó ẹyin sẹ́nu, á sì máa tọ́jú rẹ̀ kiri. Ìṣòro ẹni tó ń sin epìyà ni pé ó ń yé jù, tí ọmọ á kún adágún tí kò sí èyí tí yóò tóbi, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ra kìkì akọ.