Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Báwo ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Bury ṣe kú, tí ó sì tún jí?

Lẹ́tà mẹ́ta la mú lónìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn dá lé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ìlú Bury, tí kò jìnnà sí Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa ń gbé. Ọmọ wa ọkùnrin ti ń bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ wo bọ́ọ̀lù ní pápá Gigg Lane, ó sì fẹ́ràn ẹgbẹ́ ìlú náà débi pé aṣọ wọn ló fi ń sùn. Bàbá àgbàlagbà kan ní àdúgbò wa ló sọ fún mi pé ẹgbẹ́ yìí ti kú rí, àti pé òun sunkún lọ́jọ́ náà bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Báwo ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ṣe ń kú? Ṣé èyí tí ó kú náà ni ọmọ mi ń wò, àbí òmíràn ni? — Abiyamọ kan, Bury.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Òdodo ni bàbá náà sọ, ẹkún rẹ̀ kì í sì í ṣe àṣejù. Ọdún 1885 ni wọ́n dá Bury sílẹ̀, ó sì wọ líìgì ní 1894. Ó gba ife ẹ̀yẹ FA ní 1900, ó tún gbà á ní 1903, nígbà tí ó na Derby County ní góòlù mẹ́fà sí òdo nínú àṣekágbá. Títí di òní, kò sí ẹgbẹ́ tí ó fi góòlù tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣíwájú alátakò rẹ̀ nínú àṣekágbá ife náà. Manchester City ló bá a dọ́gba ní 2019, ọdún kan náà tí wọ́n lé Bury kúrò nínú líìgì.

Gbèsè ló pa á. Fún ọdún púpọ̀, owó tí ẹgbẹ́ náà ń ná ju èyí tí ó ń wọlé lọ, owó tí ẹni tí ó ni ín ń fi kún un ni ó sì ń bo àlàfo náà. Wọ́n tilẹ̀ fi pápá Gigg Lane fúnra rẹ̀ dúró láti yá owó. Nígbà tí owó ẹni tí ó ni ín kò tó mọ́, ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2018, Stewart Day ta ẹgbẹ́ náà fún Steve Dale ní pọ́n-ùn kan ṣoṣo. Kí iye yẹn má ṣe yà yín lẹ́nu: ẹni tí ó ra ẹgbẹ́ tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, gbèsè ni ó rà, pápá àti orúkọ kàn tẹ̀ lé e ni.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí jù ni pé lórí pápá, nǹkan ń lọ dáadáa. Ní ìgbà ìrúwé 2019, Ryan Lowe, olùkọ́ni wọn, darí àwọn ọmọ Bury láti líìgì ìpele kẹrin gòkè sí ìpele kẹta. Góòlù ń wọlé, owó oṣù kò wọlé. Àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń gé koríko, tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ń ṣiṣẹ́ lọ láìrí owó gbà, ìdùnnú ìgòkè náà sì dàbí ilé tí a fi itọ́ mọ. Ní oṣù Agẹmọ, àwọn tí ẹgbẹ́ náà jẹ lówó gbà láti jẹ́ kí ó san díẹ̀ lára gbèsè náà, líìgì sì gé pọ́íńtì 12 kúrò lára tirẹ̀ kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n líìgì tún ní kí ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ náà fi ẹ̀rí hàn pé owó wà nílẹ̀ láti fi parí sáà. Ẹ̀rí náà kò wá. Wọ́n sún ìdíje síwájú, wọ́n tún sún un. Ilé iṣẹ́ kan tí ó fẹ́ ra ẹgbẹ́ náà yọwọ́ ní ọjọ́ tí gbèdéke pé gan-an, nígbà tí ó yẹ ìwé ìṣirò rẹ̀ wò.

Ọjọ́ náà ni 27 oṣù Ògún, 2019. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, àwọn alátìlẹ́yìn ti kó ìgbálẹ̀ àti garawa wá sí Gigg Lane, wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń nu àga, nítorí pé wọ́n gbà pé ìdíje yóò wáyé níbẹ̀ láìpẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, líìgì ti yọ orúkọ Bury kúrò lẹ́yìn ọdún 125.

Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ṣe ń kú nìyẹn, ìyá wa. Kì í ṣe pápá ló kọ́kọ́ ń wó. Àṣẹ láti bá àwọn ẹgbẹ́ yòókù díje ni ẹ̀mí rẹ̀. Bí líìgì bá ti gba àṣẹ yẹn padà, àwọn agbábọ́ọ̀lù yóò tú ká, ilé iṣẹ́ tí ó ni ẹgbẹ́ náà yóò sì wà nílẹ̀ bí òkú tí a kò tíì sin. Ó di oṣù Bélú 2020 kí ilé iṣẹ́ náà tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn alábòójútó tí òfin ń yàn fún ẹni tí kò lè san gbèsè mọ́.

Ní ti ìbéèrè yín kejì, ọ̀nà méjì ni àwọn ará Bury gbà. Àwọn kan ní àwọn kò lè jókòó máa wo ilẹ̀kùn tí a ti tì pa, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Bury AFC. Nítorí pé wọn kò ní pápá, ìlú Radcliffe tí ó wà nítòsí ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, láti ìpele kẹwàá, níbi tí ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ti ń ṣe iṣẹ́ mìíràn jẹun. Àwọn mìíràn sì gbà pé bí Gigg Lane bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò kọ́ ilé sórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Àwọn wọ̀nyí dá ẹgbẹ́ Est. 1885 sílẹ̀, wọ́n sì ra pápá náà, pẹ̀lú orúkọ àti àwọn ohun ìrántí ẹgbẹ́ àtijọ́, ní oṣù Èrèlè 2022. Mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti inú owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kí àwọn ará ìlú lè ra ohun tí ó jẹ́ ti wọn. Alátìlẹ́yìn kan tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà sì fi owó tirẹ̀ kún un.

Ẹ wò ó báyìí: àwọn kan ní ẹgbẹ́ tí kò ní pápá, àwọn kan ní pápá tí kò ní ẹgbẹ́. Ẹni tí ó wà lókèèrè yóò rò pé kí wọ́n kàn so ọwọ́ pọ̀ ni. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀ rárá, ibẹ̀ sì ni mo rò pé ìtàn Bury ti wúlò jù lọ. Àwọn tí wọ́n dúró ti orúkọ àtijọ́ ń wo àwọn ará Bury AFC bí ẹni tí ó fi aláìsàn sílẹ̀ lórí ibùsùn lọ fẹ́ ìyàwó mìíràn. Àwọn ará Bury AFC náà ń wò ó pé àwọn ni òjò ń pa ní Radcliffe nígbà tí àwọn kan ń ṣọ́ pápá òfìfo. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2022 wọ́n dìbò. Ìgbìmọ̀ ìlú Bury ti ṣèlérí £450,000 bí ìṣọ̀kan bá wà. Àwọn ọmọ Bury AFC fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pátápátá, ṣùgbọ́n ní ìhà kejì, ìbò àwọn tí wọ́n gbà kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta tí òfin wọn béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí wọ́n gbà ló pọ̀ jù. Ìṣọ̀kan sì já.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó nípàdé ẹbí lórí ilé tí bàbá fi sílẹ̀ yóò mọ ohun tí ń bẹ nínú yàrá yẹn. Wọ́n tún padà sórí tábìlì, wọ́n ṣàlàyé fún ara wọn, wọ́n tún dìbò ní oṣù Èbìbí 2023, ìgbà yìí ni ó sì gbà. Àjọ FA jẹ́ kí ẹgbẹ́ tí ó so pọ̀ náà máa jẹ́ Bury FC, bọ́ọ̀lù sì padà sí Gigg Lane ní sáà 2023 sí 2024, ní ìpele kẹsàn-án. Èrò tí ó lé ní 3,000 ni ó ń wá wo ìdíje nílé, ní ìpele tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń fi ọgọ́rùn-ún mélòó kan ṣe ayẹyẹ. Ní òpin sáà 2024 sí 2025, wọ́n gba líìgì wọn, wọ́n sì gòkè sí ìpele kẹjọ.

Ṣé èyí tí ó kú ni ọmọ yín ń wò? Bí a bá bi agbẹjọ́rò, yóò ní ilé iṣẹ́ tuntun ni. Èmi yóò ní òun ni. Pápá kan náà ni, orúkọ kan náà ni, àwọn tí wọ́n ń nu àga lọ́jọ́ tí ó kú ni wọ́n jókòó sórí àga náà lónìí. Lóòótọ́, ojú àpá kò lè jọ ojú ara: ó wà ní ìpele kẹta nígbà tí ó kú, ìpele kẹjọ ni ó sì wà nígbà tí a gbọ́ pé ó gòkè kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà béèrè lọ́wọ́ bàbá àdúgbò yín, yóò sọ èyí tí èmi kò lè sọ.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ọ̀dọ́ ni mí nígbà tí Leventis United wà ní Ìbàdàn. Mo rí i bí wọ́n ṣe gba líìgì, mo sì rí i bí wọ́n ṣe parẹ́. Kí ni àwọn òyìnbó wọ̀nyí ní tí àwa kò ní? — Alátìlẹ́yìn àtijọ́, Òkè-Àdó, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, mo kí yín. Ikú Leventis kò jọ ti Bury. Ẹgbẹ́ tí ó gba ife Challenge ti ilẹ̀ Nàìjíríà ní 1984 àti 1986, tí ó gba líìgì ní 1986, tí ó sì dé àṣekágbá ife àwọn agbáfe ilẹ̀ Áfíríkà ní 1985 kí Al Ahly tó borí rẹ̀, kò wọko gbèsè. Ilé iṣẹ́ tí ó ni ín ló yọwọ́ ní 1987, gbogbo rẹ̀ sì tán lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ẹ̀yin alátìlẹ́yìn kò ní ohun kankan nínú rẹ̀ lábẹ́ òfin: ẹ kò ní orúkọ, ẹ kò ní pápá, ẹ kò ní ìwé tí a fi forúkọ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀.

Kì í ṣe ìfẹ́ ni ẹ kò ní. Ẹ wo Stationery Stores ti Èkó. Israel Adebajo dá a sílẹ̀ ní 1958, ó sì kú ní 1969. Síbẹ̀ àwọn tí ń pariwo "Up Super" kò dákẹ́, ẹgbẹ́ náà sì gba líìgì ilẹ̀ Nàìjíríà ní 1992, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún tí olùdásílẹ̀ rẹ̀ ti lọ. Ariwo yẹn kò di ìwé rí.

Ìwé ni àwọn ará Bury ní. Wọ́n forúkọ ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ẹnì kan, ìbò kan, yálà ó san owó kékeré tàbí ńlá, kò sì sí ẹni tí ó lè dá ta á ní pọ́n-ùn kan mọ́. Ohun tí àwa ń pè ní ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù kò jìnnà sí i. Àwọn olùkọ́ wa ní in, àwọn ìyálọ́jà ní in, wọ́n fi ń kọ́lé, wọ́n fi ń rán ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́. N kò rí ìdí tí a kò fi lè fi irú rẹ̀ gbé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré kan ró. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín: bí kò bá sí owó ìjọba ìlú wọn àti ọwọ́ olówó kan láti òkèèrè, ìgbálẹ̀ àti garawa nìkan kò lè ra Gigg Lane. Àti pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn ń san owó ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ láti wo ìpele kẹsàn-án, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń sanwó ní ilé ìwòran láti wo Arsenal, tí pápá tí ó wà lẹ́yìnkùlé wa sì ṣófo.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé Bury kò tún lè wọ gbèsè? — Akẹ́kọ̀ọ́, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ó lè wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè ṣe àṣìṣe nínú ìṣirò owó bí olówó kan ṣoṣo ṣe lè ṣe é. Ìyàtọ̀ ni pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti rí ìwé ìṣirò kí ó tó bàjẹ́. Ikú Bury wà lára ohun tí ó fa ìwádìí tí Tracey Crouch, aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, darí, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní oṣù Bélú 2021, èyí tí ó bí òfin ìṣàkóso bọ́ọ̀lù ti ọdún 2025 àti àjọ olómìnira tí yóò máa yẹ olówó ẹgbẹ́ wò. Ìpele márùn-ún àkọ́kọ́ ni òfin náà kàn. Láti ìpele kẹjọ, Bury ní láti gòkè lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó wọ abẹ́ òrùlé yẹn. Ní báyìí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ìyá tí ó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ lè forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú wọn bí ó bá fẹ́. Ìbò rẹ̀ yóò sì tó ti bàbá àdúgbò tí ó sunkún ní 2019.